Orin Tí Wọ́n Kọ Kí Wọ́n Tó Túfọ̀

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá ṣójà méjì àti òṣìṣẹ́ kan láti mẹ̀rí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wọ ilé Àbdùlàzéèzì ní Ifangni. Wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n sì sọ fún un pé Latifou, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ṣójà ní ìhà àríwá, ti kú. Ìbọn ló bà á níbi tó ti ń ṣọ́nà.

Àbdùlàzéèzì kò sunkún lójú wọn. Ó bu omi fún wọn, ó sì dúpẹ́ pé wọ́n rin ọ̀nà jíjìn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló ránṣẹ́ sí Sadatou, ìyá Latifou, pé kó wá rí òun, kó má mú ẹnikẹ́ni dání.

Sadatou rí ojú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ojú yẹn náà ni ó fi wò ó lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú.

"Ṣé Latifou ni?"

"Òun ni, Ìyá Latifou. Ẹ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ké."

"Kí n má ké? Ta ni kó wá bá mi ké e?"

"Ẹ ó ké. Gbogbo wa la ó ké. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ìyàwó wà nílé."

Rachidatou, aya Latifou, ló ń pè ní ìyàwó. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, oyún àkọ́kọ́ sì ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Thérèse, agbẹ̀bí tó wà ní matanitẹ́, ilé ìgbẹ̀bí ìlú, ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ó ń ru. Ó fún un lóògùn. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé kò gbọ́dọ̀ ru ẹrù, kò sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò já a láyà.

Nínú ìdílé wọn, wọn kì í kàn ju ọ̀rọ̀ ikú lu èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ. Wọ́n á wá ẹni tí yóò jókòó tì í lọ́tùn-ún àti lósì. Àgbà ni yóò sọ ọ́, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí oòrùn tó mú. Àbdùlàzéèzì ti fi fóònù bá Thérèse sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé ní ọ̀la, ọjọ́ tí Rachidatou yóò lọ ṣe àyẹ̀wò, matanitẹ́ ni wọn yóò ti sọ fún un, níbi tí oògùn àti ibùsùn wà. Ìyá tó bí i yóò wá láti Lagbé.

"Títí di ọ̀la ni," Àbdùlàzéèzì wí. "Ṣé ẹ lè gbé e mọ́ra?"

Sadatou ní òun lè gbé e. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì gba ilé lọ.

Ó bá Rachidatou lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ìyàwó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi asẹ́ ku gbágùúdá tí wọ́n fún lálẹ́ àná. Sadatou dáná sábẹ́ agbada, ó mú igbá tó fi ń yan gàrí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yẹra fún ojú ọmọ náà.

"Ìyá, ojú yín pọ́n."

"Èéfín ni."

"Èéfín wo? Ilé aládùúgbò ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ." Rachidatou rẹ́rìn-ín. "Bí ó bá jẹ́ Bàbá Àbdùlàzéèzì ló tún fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí yín nínú, ẹ sọ fún mi. Mo máa fi ikùn yìí dí ọ̀nà mọ́ wọn."

Sadatou rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ó tún yára yí gàrí nínú agbada.

"Ọmọ yín kò pè láti àná," Rachidatou tún wí. "Fóònù mi dà?"

"Mo ní kí Bàbá Àbdùlàzéèzì bá wa fi sáàjì sí i. Iná ń jó lọ́dọ̀ wọn."

"Tiyín ń kọ́?"

"Kírédì ti tán nínú rẹ̀."

"Ẹ̀yin ìdílé yìí! Ẹ ò rí fóònù méjì fi pe ọmọ ẹyọ kan." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ó tún ti ń ta mí nípàá. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn tí mo bá dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Sadatou fi igbá sílẹ̀. Ó lọ, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà yí padà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí Latifou náà ṣe máa ń yí nínú òun nígbà tí òun lóyún rẹ̀ nìyẹn. Ó yára dìde.

"Gàrí ń jóná," ó wí.

Ní ìlú náà, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dọ́ Ọmọ Ìlú. Augustin, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣètò ìpàdé, bí a ṣe ń dìbò láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí a ṣe ń bu ọlá fún ẹni tó sin ìlú. Wọ́n ń gbálẹ̀ ọjà, wọ́n ń la gọ́tà. Bí ṣójà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú bá gba ìsinmi wálé, wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ ní títì pẹ̀lú àsíá, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè sin ín dé ilé. Wọ́n ṣe é fún Latifou ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Rachidatou jó lọ́jọ́ náà títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

Tèmilọlá ni olórí ẹgbẹ́, ọmọbìnrin tó ń kàwé ìparí ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ṣójà kan tó mọ̀ ọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé Latifou ti lọ. Ó rántí pé òun rí mọ́tò ṣójà lẹ́nu ọ̀nà Àbdùlàzéèzì láàárọ̀. Ó ní ara ilé ti gbọ́ nìyẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni. Augustin sì ti lọ sí Àjàṣẹ́.

Kò sí ìwà ibi kankan nínú ohun tí Tèmilọlá ṣe. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó wá kí ọlọ́fọ̀, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ fún un. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ jọ. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n so aṣọ dúdú mọ́ igi àsíá, wọ́n gbé àwòrán Latifou, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè lọ.

Sadatou ló kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Ó rò pé etí òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Orin náà sún mọ́ ilé.

Rachidatou gbé orí sókè. Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá! Ó ti dé!"

"Rachidatou."

"Ọmọ yín ti dé! Abájọ tí kò pè! Ó fẹ́ yà mí lẹ́nu ni." Ó ti ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde.

"Jókòó," Sadatou wí. Bó bá ní kó má lọ, yóò bi í pé kí ló dé. Bó bá sọ ohun tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu òun pa á.

"Kí n jókòó kẹ̀? Ìyá ń jowú! Ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dì mọ́ ọn kí n tó dé ibẹ̀."

Sadatou di aṣọ rẹ̀ mú. Etí ìró ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà tún ìró ró bó ti ń lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gba àárín ilé jáde síta pẹ̀lú ìyẹ̀fun gbágùúdá ní apá rẹ̀ méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ ti tò sójú ọ̀nà. Rachidatou kò wo àwòrán. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn.

"Òun dà? Níbo lẹ gbé e pamọ́ sí?"

Orin dáwọ́ dúró. Tèmilọlá ti há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó rí ojú obìnrin náà dáadáa.

"Tántì Rachidatou, àwa ọ̀dọ́ Ifangni wá bá ẹbí yín kẹ́dùn akọni tó fi ẹ̀mí rẹ̀…"

Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Rachidatou wo àwòrán. Ó wo aṣọ dúdú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Sadatou tó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ ti mọ̀?"

Sadatou na ọwọ́ sí i.

"Láti àárọ̀, ẹ ti mọ̀?"

Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ìró lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú, ikùn ni ó sì fi balẹ̀.

Mọ́tò aládùúgbò ni wọ́n fi gbé e dé matanitẹ́. Thérèse wò ó, kò pẹ́ rárá tó fi ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́. Ibi ọmọ ti já kí ọmọ tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjáyà bá a, ìṣubú sì parí rẹ̀. Àwọn dókítà gba ẹ̀mí Rachidatou là. Wọn kò rí ti ọmọ gbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú Latifou, Augustin pe àwọn ọ̀dọ́ jọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ó ní kí Sadatou wá bí ó bá lè wá. Ó wá, ó jókòó sẹ́yìn.

"Tọ́ntọ̀n, ọlá la fẹ́ ṣe fún un," Tèmilọlá wí fún Augustin.

"Mo mọ̀. Ọmọ gidi ni yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ìdí tí ọ̀gá ṣójà fi ń rin ọ̀nà láti ibùdó wá bá àgbà ilé, nígbà tí fóònù wà lápò rẹ̀? Òfin wa ni. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni ọ̀rọ̀ ikú ń kọ́kọ́ dé, àwọn ẹbí ló sì ń pinnu ẹni tí yóò gbọ́, ìgbà tí yóò gbọ́ àti ẹnu tí yóò ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó láṣẹ láti ké e síta. Ṣójà tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ ṣẹ̀. Ẹni tó gbà á, tó sì gbé e kiri, òun náà ṣẹ̀."

"A rò pé gbogbo ilé ti mọ̀."

"Ẹ rò ó. Ẹ kò bèèrè."

Sadatou sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò pariwo. "Tèmilọlá, ilé wa kò jìnnà sí tiyín. Kí ló dé tí o kò yà kí o bi mí?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ̀rù ló bà mí kí wọ́n má baà sọ pé a pẹ́ kí a tó wá kí yín."

Augustin fà á dìde.

"Orin ni mo kọ́ yín," ó wí. "Ó yẹ kí n ti kọ́ yín ní bí a ṣe ń dákẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ ìlú yín kú lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Ẹ má fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ẹ̀yin méjì péré, láìwọ aṣọ ẹgbẹ́, láìgbé àsíá, lọ bá olórí ìdílé rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ bi í pé: ta ló ti mọ̀, ta ni kò tíì mọ̀, ìgbà wo ni kí a wá? Ohun tó bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ pé ó ní kí ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó kú kò ní bínú pé ẹ pẹ́.

Bí aláboyún, arúgbó tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá wà nínú ilé náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi tó agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì létí kí ẹ tó sọ fún un. Ẹ tètè sọ fún aládùúgbò àti olórí ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde. Ẹni tí a kò sọ fún kò mọ ohun tí yóò ṣọ́ra fún. Aláboyún tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sí matanitẹ́. Kó má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Rachidatou wà ní Lagbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Ọkùnrin ni ọmọ tó kú náà. Latifou kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ sáyé.