Ọwọ́ Tó Pa Súìṣì

Ojú Láyí là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan mọ́. Ó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà rẹ̀, agbárí rẹ̀ fọ́ lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti jóná, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Sitebiláísà kan, irin tó wúwo bí ọmọ ọlọ, wà nítòsí orí rẹ̀. Irun lẹ̀ mọ́ etí irin náà.

"Bísímílláhì," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Bàlíkísù wí kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ogún ọdún ló ti fi ṣe ọlọ́pàá, kò sì wọ yàrá òkú rí láìpe orúkọ Ẹni tó dá ẹ̀mí.

Níta, ariwo ń sọ. "Ẹ jẹ́ ká sun ún! Òun ló pa á!"

Táòfíkì ni wọ́n ń wí, oníṣẹ́ iná tó wá láti Múṣin. Òun ló tún wáyà ilé náà, tó wà lẹ́yìn ọjà Tẹ̀júoṣó ní Yábàá, ṣe láàárọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, iná dé. Mànàmáná, abìjàwàrà! Ó ń bọ̀, à ń yọ̀. Ó dé tán, à ń sunkún. Hái-kọ́rẹ́ǹtì, iná tó lágbára jù, ló gbé wá lọ́jọ́ náà. Gílóòbù bú láti yàrá dé yàrá. Kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n rí òkú Láyí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iná Táòfíkì ló gbé e, tó fi orí gbá sitebiláísà. Wọ́n fi pákó ṣẹ́ ẹ lápá. Wọ́n gbá eyín rẹ̀ méjì dànù. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀, pẹtiróòlù sì ń kán tó tó tó ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìbọn tí Bàlíkísù yìn sójú ọ̀run ló gbà á sílẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọjú sí wọn.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Dàda, olórí wọn, gbá táyà náà mọ́ra. "Wákàtí kan péré o, Màdáámù. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wá, àwa lé ní ogójì. Tí ẹ ò bá rí ẹlòmíì, a máa fà á yọ nínú ọkọ̀ yín."

Bàlíkísù mọ̀ pé kò parọ́.

Kó tó wọlé, Táòfíkì ti fi ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un láti ojú wíńdò ọkọ̀. "Àǹtí, ẹ wo Máígádì. Èmi ni mo ní kí Láyí rà á. Ẹ ṣáà wo Máígádì."

Ó ti rí i báyìí. Lára ògiri, Láyí fi bírò kọ ọ́ sórí àpótí funfun kékeré kan: MÁÍGÁDÌ. Èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀jì lọ́jà ni, tó ń dúró láàárín iná ògiri àti kọ̀ǹpútà, kí àpọ̀jù iná má bàa ríbi wọlé. Inú rẹ̀ ti jó, ara rẹ̀ ti wú. Wáyà ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹnìkan ti fi ẹsẹ̀ tẹ ráútà fúnra rẹ̀ fọ́ mọ́lẹ̀, tòun ti bátìrì rẹ̀.

Wáyà kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kò sí lára Máígádì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, lápá kejì, ló wà tààrà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Súìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà ní pípa. Àmì àtàǹpàkò wà lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

Ó gbóòórùn kọ̀ǹpútà. Kẹrosíìnì.

Bébà kan wà lókè tábìlì, ìwé ọwọ́ Láyí: *Bí iná bá lọ, pa gbogbo súìṣì. Bí iná bá dé, ka Baba wa tí ń bẹ lọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó tan nǹkan kan.*

"Ọlọ́run, fi òtítọ́ hàn mí," ni Bàlíkísù wí, ó sì pe Glory, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá kejì.

"Wọ́n ní ìwọ àti Láyí jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Glory fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, Màdáámù. Tiẹ̀ ni mo ń lò. Mo fún ọ̀rẹ́ mi ní páásìwọ́ọ̀dù, ó bínú. A ti parí ẹ̀."

"Níbo lo wà nígbà tí iná dé?"

"Yàrá mi. Mo ń ṣe ìntáfíù iṣẹ́ lórí fóònù. Gílóòbù mi bú, mo fò sókè, mo tún jókòó. Obìnrin yẹn ń bi mí léèrè lọ, àfi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe já páú. Mo wo aago: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí kò padà, mo ní kí n lọ bá Láyí jà, ni mo bá Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà tó ń gbé òkè lẹ́nu ọ̀nà Láyí, tí wọ́n ń pariwo."

Bàlíkísù kọ aago náà sílẹ̀. "Sitebiláísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú yẹn, ti Láyí ni?"

"Láyí kẹ̀? Kò ní ọ̀kankan. Ó máa ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní ẹni tó ní sitebiláísà tí kò ní sọ́ọ̀jì, ajá tó ń sùn ló fi ń ṣọ́lé." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún gbé e mì. "Tèmi ṣì wà lábẹ́ fíríìjì mi."

Ó kan Adéṣínà, ayálégbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni ogójì ọdún ni, ó síngbọnlẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Omi ṣì wà létí rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Màdáámù. Ìdààmú mi ti pọ̀ jù. Tiwalọlá ìyàwó mi wà lọ́sibítù, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn níjẹta. Kò tíì lajú."

"Ọlọ́run á wò ó sàn. Kí lẹ gbọ́ lónìí?"

"Bí iná ṣe dé laago mẹ́rin ni Láyí han. 'Yéè!' Ó dákẹ́. Mo rò pé nǹkan rẹ̀ tó jóná ló ń dùn ún. Nígbà tó pẹ́ ni mo lọ wò ó."

"Ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan?"

"Rárá o! Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Òkú máa ń bà mí lẹ́rù."

Bàlíkísù gbójú sókè. Kámẹ́rà kékeré kan ń wo àtẹ̀gùn. "Níbo ni àwòrán ìyẹn ń lọ?"

Adéṣínà fi ìka nu omi etí rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà Láyí."

"Ẹ jẹ́ ká rí yàrá yín."

Nínú yàrá, wọ́n ki wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ ògiri tààrà. Eruku bo tábìlì rẹ̀ pátápátá, àfi ojú kan tó mọ́ roro lápá òsì, onígun mẹ́rin, tó ní àmì ẹsẹ̀ mẹ́rin, bí ibi tí nǹkan ti jókòó fún ọdún púpọ̀. Ẹlẹ́jọ́ mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéṣínà kò kúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Ṣàíbù!" Bàlíkísù ké sí kọ́ńsítébù rẹ̀. "Fi aṣọ di sitebiláísà yẹn, gbé e wá."

Ṣàíbù gbé sitebiláísà ẹlẹ́jẹ̀ dé. Bàlíkísù gbé e ka ojú tó mọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sójú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wẹ́kú.

Adéṣínà ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó wà nítòsí mọ́lẹ̀, ó fi gbá Ṣàíbù lẹ́nu. Eyín fọ́. Ó tún gbé e sókè fún orí Bàlíkísù. Bàlíkísù tẹ̀, ó fi kóńdó la eékún rẹ̀. Eegun dún ká! Ó tún la èkejì. Ọkùnrin náà wó lulẹ̀ bí ògiri alámọ̀ tójò pa, Bàlíkísù sì fi eékún tẹ ọrùn rẹ̀ títí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fi wọ ọwọ́ rẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," ló wí, kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. "Aago mẹ́rin ni hái-kọ́rẹ́ǹtì dé. Máígádì gbà á, ó kú. Àgbò Iléyá ti kú. Kí ló tún pa ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ pa àgbò? Ráútà tó wà lẹ́yìn Máígádì ṣì ń fún Glory ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì lórí bátìrì rẹ̀. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ pa. Iná kì í rùn bíi kẹrosíìnì. Òkú kì í sì í pa súìṣì. Kí lo ṣe fún Tiwalọlá?"

Adéṣínà gbá iwájú orí mọ́ ilẹ̀.

"Mo tì í. Ó ń bá mi jà, mo tì í látòkè àtẹ̀gùn. Kámẹ́rà rí i. Láyí ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún ẹbí rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fi hàn wọ́n. Nígbà tí gílóòbù bú, mo dúpẹ́. Mo ní kọ̀ǹpútà ti jó. Mo gbé sitebiláísà sọ̀ kalẹ̀ bíi pé kó bá mi tún un ṣe, kí n lè fojú ara mi rí kọ̀ǹpútà náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, Máígádì ti kú fún mi, kọ̀ǹpútà mi ń bẹ láàyè.' Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú ìtúdè, irin tó fi ń tú ẹ̀rọ, nílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo lù ú?"

"Mi ò kà á."

"Súìṣì ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ ẹlòmíì. "Mo fi kẹrosíìnì sun kọ̀ǹpútà, mo ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri, kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ni iná ti wọlé. Bí mo ṣe fẹ́ jáde... Láti kékeré ni ìyá mi ti ń pariwo: pa súìṣì kó o tó jáde. Mi ò mọ̀ pé mo pa á."

Wọ́n wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀. Ìpè ti wọlé nígbà náà láti iléeṣẹ́ iná pé ọkọ̀ tó ru pákó láti Mákòkó ló já wáyà lórí òpó lóríta, tí hái-kọ́rẹ́ǹtì fi wọlé. Táòfíkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Bàlíkísù sọ ọ́ sétí gbogbo wọn, ó sì na ìka sí Dàda.

"Ìwọ, gbé táyà yẹn wá, bọ́ sínú ọkọ̀. Apá tó ṣẹ́ àti eyín tó bọ́ ní ẹjọ́ tiwọn."

Iná ti lọ láti ìgbà díẹ̀. Bó ṣe tún dé nìyẹn, fàà. Àwọn ọmọdé òpópónà kejì kígbe, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Nínú ọgbà Láyí, kò sẹ́ni tó kígbe. Kò sẹ́ni tó lọ sídìí súìṣì.

Glory di ojú, bí Láyí ṣe máa ń ṣe. "Baba wa tí ń bẹ lọ́run..."

Ẹnu bíi márùn-ún gbè é. Nínú ọkọ̀, Táòfíkì gbá apá tó ṣẹ́ mọ́ àyà, ó ń ka Fátíhà tirẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n tó lọ tan súìṣì wọn. Yàrá Láyí nìkan ni súìṣì rẹ̀ wà ní pípa di òní.