Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Alága Ń Tẹ̀ Ẹ́

"Lọ́yà, ta ló borí?"

Orí bẹ́ẹ̀dì ni àbúrò ìyá rẹ̀ ti béèrè. Báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé wẹ́dà tí ń jó irin pọ̀ ni, iná ibi iṣẹ́ sì ti ba ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Lókè orí rẹ̀, fáànù àtijọ́ kan ń kùn bí arúgbó tí wọn kò fún ní àga.

Ọmọdébìnrin tí ó ń pè ní Lọ́yà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní igun yàrá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi nínú àṣekágbá.

Eré bésíbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ni líìgì wọn dá lé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sáré lórí pápá kankan. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni gbogbo rẹ̀ wà. Olúkúlùkù a yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, a tò wọ́n bí ó ti wù ú. Bí Alága bá sì ti tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà a gbá ìdíje náà fúnra rẹ̀, èsì a sì dé orí fóònù gbogbo ọmọ líìgì lójú ẹsẹ̀.

Wẹ́dà yìí ni Alága. Òun ni ó ń tẹ bọ́tìnì ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òun ni ó ń parí ìjà, òun náà ni ó ń wá arọ́pò fún ẹni tí ó bá sá lọ. Èébú ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń bú u jù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí kò gba ìdájọ́ kankan láìjiyàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Lọ́yà.

Alága kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan. Wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alásè tí kì í jẹun!" Èsì kan náà ni ó máa ń fún wọn: "Ẹni tó di òṣùwọ̀n mú kì í bá wọn ná ọjà." Nígbà tí ojú rẹ̀ mú un dùbúlẹ̀, tí ó fa iṣẹ́ náà lé Lọ́yà lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn títí òun yóò fi dìde. Lọ́yà fárígá. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé olè ni mí ni?"

Nísinsìnyí, ó dá Alága lóhùn. "Iná lọ, Bọ̀ọ̀dá. Àárín ìdíje ló lọ. Ó ti dé báyìí. Mo máa tún un gbá."

Òfin gba Alága láyè láti dá líìgì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ó sì tún ìdíje gbá, bí iná bá já a láàárín. Kò gbà á láyè nítorí ohun mìíràn.

"Iná lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, sà."

Fáànù ń kùn. "Ó dáa," ni Alága wí, ó sì kọ ojú sí ògiri.

Lọ́yà tún un gbá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tún pàdánù. Ó tún un gbá lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì borí.

Ó dúró kí inú òun dùn. Ayọ̀ kò dé. Àyà rẹ̀ rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ni. Àwọn ọmọ líìgì, tí wọn kò rí ju èsì tó kẹ́yìn lọ, ń kí i kú oríire lórí fóònù. Ó ń ka ìkíni wọn bí ẹni tí ń ka orúkọ òpópónà tí kò ní gbà.

Fóònù dún. Awakọ̀ tírélà tí òun àti Lọ́yà jọ wọ àṣekágbá ni.

"Lọ́yà, o kú oríire o! Ṣùgbọ́n là mí lóye. Bí mo ṣe páàkì ọkọ̀ báyìí, mo rí i pé èmi ni mo gba ife. Mo hó yèè! Àwọn awakọ̀ yòókù rò pé ejò ló bù mí jẹ. Ìgbà tí mo máa tún wò ó, ìwọ ni. Kí ló dé?"

"Bóyá fóònù yín ni, sà."

"Fóònù mi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Lóòótọ́, ó ti gbó ju èmi gan-an lọ. Ká ní líìgì ibòmíràn ni, ǹ bá ní wọ́n rẹ́ mi jẹ. Líìgì Alága kẹ̀? Láéláé! Fóònù ni. Màá gbé e fún alátùn-únṣe."

Lọ́yà lè sọ òótọ́ nígbà náà. Ohun tí ó sọ ni, "Ẹ ṣeun, sà."

Ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ tún pè.

"Fóònù oní-fóònù rèé. Alátùn-únṣe yẹn ti tú tèmi palẹ̀, kò tàn mọ́. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Ohùn màmá mi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde láyé. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀n-ẹ́n, kò burú. Bá mi kí Alága. Kí ojú wọn tètè san."

Lọ́yà gbé fóònù sílẹ̀. Ẹkún kò wá. Ó rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, iná ò lọ lánàá."

"Mo mọ̀. Fáànù ò dákẹ́."

Lọ́yà gbójú sókè. Fáànù náà ń yí. "Kí ló wá dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Tí mo bá já irọ́ rẹ, èmi lo máa bẹ̀rù. Òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù."

Lọ́yà wá ròyìn fóònù awakọ̀ fún un, àti ohùn ìyá tí ó bá a lọ. Alága fọwọ́ kan báńdéèjì ojú rẹ̀. "Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lánàá…"

Lọ́yà dá èsì àkọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni ó pe awakọ̀, ó sì jẹ́wọ́.

"Kì í ṣe fóònù nígbà náà," ni awakọ̀ wí.

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́." Ó sì gé ìpè náà.

Lọ́yà kọ̀wé sí gbogbo líìgì: "Agbára láti tún un tẹ̀ wà lọ́wọ́ Alága ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì lò ó fún irọ́ rí. Èmi lò ó nígbà àkọ́kọ́ tó dùn mí. A bú wọn títí, a ò dúpẹ́ rí. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Wọ́n gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jà. Ọpẹ́ wá ń rọ́ wọlé, Lọ́yà sì ń kà á sí Alága létí. Ti awakọ̀ ni ó dé kẹ́yìn: "Alága, ẹ ṣeun." Kò dárúkọ Lọ́yà.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, Alága jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Wọ́n ti ń bú mi," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ara mi ti yá nìyẹn."

Lọ́yà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí agbára abẹ́rẹ́ eyín bá ń kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, ìrora ni ó ń kọ́kọ́ dé. Ife ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ohùn ìyá awakọ̀ kò lè padà mọ́. Ìgbà náà ni omijé bọ́ lójú Lọ́yà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú láìṣe màgòmágó bá dùbúlẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n náà bá sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé irọ́ kékeré kì í mọ ilé ẹni tí òun yóò wó.