Ìpín Ẹ̀yẹolúwa Lára Katakata

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nílùú Ọ̀yọ́, Ẹ̀yẹolúwa gbọ́ ìró níta.
Kọ́ń! Kọ́ń! Kọ́ń!

Kì í ṣe Bàbá àgbà. Bàbá àgbà ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Ó ti pé oṣù kan báyìí.

Katakata Bàbá àgbà, ọkọ̀ tó fi ń túlẹ̀ lóko, wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kéré. Ó pupa. Ó dàgbà ju Màmá lọ.

Nígbà kan, Bàbá àgbà àti Ẹ̀yẹolúwa ni wọ́n jọ máa ń gùn ún lọ sóko.
Kata-kata-kata-kata!
Bàbá àgbà á máa kọ orin ìyìn. Ẹ̀yẹolúwa á máa gbè é.

Ṣùgbọ́n katakata ti dákẹ́. Búréèkì rẹ̀ kò mú mọ́. Jíà rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Mashood, mẹkáníìkì tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń kan irin níta.
Kírí, kírí, kírí! Ó yọ táyà. Ó tú búréèkì. Ó tú jíà.
"Ìyá Ẹ̀yẹ, ẹ bá mi wá ẹní kan."

Màmá tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mashood to àwọn irin sórí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyà Ẹ̀yẹolúwa já. Pàà! Ó mọ ẹní yẹn.

Orí ẹní yẹn ni àwọn ẹbí ti pín ẹrù Bàbá àgbà. Ẹ̀gbọ́n Màmá gbé rédíò. Àbúrò Màmá gbé àga. Ẹnì kan mú fìlà. Ẹnì kan mú bàtà.

Ohun tó kúrò lórí ẹní kò padà mọ́.
Kò sì sẹ́ni tó rántí Ẹ̀yẹolúwa.

"Wọ́n tún ń pín katakata," ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Tó. Tó. Tó.

Bọ̀ọ̀dá Mashood yíjú. Wéré! Ẹ̀yẹolúwa mú sípíríǹgì kékeré kan. Ó sá wọlé. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Bọ̀ọ̀dá Mashood bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn irin padà. Èyí tó jáde kẹ́yìn ló kọ́kọ́ wọlé.
Lójijì, ó dúró.
"Háà! Sípíríǹgì búréèkì dà?"

Ó wo abẹ́ ẹní. Kò sí. Màmá wo inú koríko. Kò sí.
"Àbí ìwọ lo gbé e mì?" Bọ̀ọ̀dá Mashood bi adìẹ.
Adìẹ sá lọ.

"Òjò ti dé," ni Màmá wí. "Kí la ó fi tú ilẹ̀ àgbàdo?"
"Láìsí sípíríǹgì yìí, kò ní lè dúró," ni Bọ̀ọ̀dá Mashood dáhùn. " Ó lè ṣe yín léṣe. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gùn ún."

Ẹ̀yẹolúwa gbọ́. Ó rọra wọlé. Ó rọra jáde. Ó kúnlẹ̀.
"Màmá, èmi ni mo mú u. Ẹ má bínú."
"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"
"Ìpín tèmi ni. Gbogbo yín lẹ gba nǹkan Bàbá àgbà. Èmi nìkan ni mi ò gba nǹkan kan."

Màmá fà á mọ́ra. Wọ́n sunkún, sunkún, sunkún.
"Dárí jì mí, ọmọ mi. A gbàgbé rẹ."

Bọ̀ọ̀dá Mashood lóṣòó.
"Ìyá kékeré, a ò pín in o. À ń tún un ṣe ni. Ohun tó bá kúrò lórí ẹní tèmi, ilé rẹ̀ ló ń padà sí. Ó yá, wá fi í síbẹ̀."
Ẹ̀yẹolúwa fi í síbẹ̀. Tẹ́!

Irin kan ṣoṣo ló kù lórí ẹní. Jíà eléyín ni. Eyín rẹ̀ ti jẹ.
"Èyí ò ní padà. Mo ti ra tuntun." Bọ̀ọ̀dá Mashood fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. "Ìyá kékeré, kí ló jẹ eyín rẹ̀ tó báyìí?"
"Eku?"
"Rárá o! Ọwọ́ Bàbá àgbà ni. Ojoojúmọ́ ló máa ń ti jíà yìí, fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lórí ẹní.
"Ẹ̀yẹolúwa, ìpín tìrẹ nìyí."

Ó wúwo. Ó tutù. Ẹ̀yẹolúwa gbá a mọ́ àyà títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kata... kata... kata-kata!
Màmá tẹ búréèkì. Katakata dúró jẹ́ẹ́. Màmá ki jíà. Ó wọlé!

Ẹ̀yẹolúwa jókòó lórí itan Màmá. Ìpín rẹ̀ wà lórí itan tirẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ orin Bàbá àgbà.
Màmá gbè é. Katakata náà gbè é.
Kata-kata-kata-kata! Títí dé oko.