Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀yìn Fèrèsé Gbẹ́nàgbẹ́nà

Orí àga ni bàbá tó bí gbẹ́nàgbẹ́nà kú sí. Kò ṣàìsàn. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọbìnrin wọn tọ́jú ọmọ tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ, ló ń gbé oúnjẹ fún un. Ó gbẹ bí igi, ó sì kú.

"Ọwọ́ ta ló ti ń jẹun?" Ìbéèrè àdúgbò nìyẹn.

Lọ́dún kejì, gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Aránṣọ ti ríṣẹ́ sílùú kejì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bó bá ti lọ, ọkọ rẹ̀ á dùbúlẹ̀, ẹyẹ dúdú á bà sẹ́yìn fèrèsé. Bó bá dé, ẹyẹ á lọ, ọkọ á dìde.

"Ẹ̀mí ọmọ mi lò ń gbé dání lọ," ni ìyá ọkọ wí.

"Sísọ́ọ̀sì àti òwú ni mo gbé dání, Màmá."

"Ṣé sísọ́ọ̀sì ló ń pe ẹyẹ?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

"Ọmọ mi ò lè sọ ibi kan nípa rẹ. Èèdì gan-an nìyẹn."

Ẹbí fẹnu kò: bó bá di Sátidé, kí aránṣọ kó ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, aránṣọ wà níbi iṣẹ́. Ìyá gbé kùmọ̀, ó sá pamọ́ sẹ́yìn pákó tó wà nítòsí fèrèsé. Ẹyẹ bà: ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún. Fèrèsé ṣí. Ọwọ́ kan yọ, ó da odindi abọ́ ìrẹsì sórí èérún igi. Ẹyẹ rọ́ bò ó.

Àtàńpàkò ọwọ́ náà ò ní èékánná. Ayùn ló mú un lọ. Ìyá mọ̀ ọ́n.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

Ojú ti gbẹ́nàgbẹ́nà. "Bí ara mi bá yá, Màmá, kí ló máa dá ìyàwó mi padà sílé?"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé bá òkú ọkọ rẹ̀, ẹyẹ kún ẹ̀yìn fèrèsé tiẹ̀ náà.

"Bí bàbá rẹ ṣe kú nìyẹn," ó ní. "Èmi sì ń wá àjẹ́ kiri."

Ní Sátidé, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Máa lọ síṣẹ́ rẹ. Èmi á jókòó tì í."

Ọjọ́ Ajé, aránṣọ jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń jẹ, ó ń wo ọ̀nà, ó ń jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ ni.

"Tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo gbàgbé," ó ní.

Tépù náà ń rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó wo abọ́, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán? Láìsí èmi?"

Ìyá dìde. Ó mú un lọ́wọ́ dé oríta, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.