Ìbọn Bọ̀dá Tókun

"Ó ti dé?"

Bàbá àgbà mi, Ògúngbèmí, kì í sọ pé "káàbọ̀" mọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ìbéèrè yẹn ló ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Àpòmù. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Bọ̀dá Tókun, àbúrò bàbá mi, wà ní Kánádà, ọdẹ ni bíi ti Bàbá, ṣùgbọ́n ìbọn àyálò ló ń gbé lọ sóko ọdẹ. Ìjọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìbọn ọdẹ tuntun kan láti òkèèrè. Orúkọ Bọ̀dá Tókun ti wà nínú ìwé àwọn tó fẹ́ rà á, ọjà ni kò tíì gúnlẹ̀. Bàbá ò ríran mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sórí fóònù mi fún wọn. Oṣù márùn-ún gbáko, ohun kan náà ni mò ń kà: kò tíì dé, wọ́n ní ká ní sùúrù.

Ìdánwò àṣejáde wa ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tó sú mi. Inú ò bí mi. Ó kàn sú mi ni, bí oúnjẹ ṣe ń sú aláìsàn. Lọ́jọ́rú yẹn, kí Bàbá tó lanu, mo ti sọ pé, "Bàbá, ó ti dé." Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo gbé fóònù sókè, mo ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀: ìbọn náà dúdú, igi ìdí rẹ̀ ń dán, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo wọlé lọ kàwé mi.

Mo gbàgbé àṣà ilé wa. Ọjọ́ tí ọmọ bá ní ìbọn tirẹ̀ ni baba rẹ̀ ń fi tirẹ̀ fún ọdẹ mìíràn, a kì í sì í gbà á padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ọ̀ṣuntúndé, ọdẹ ará Orílẹ̀-Òwu, níwájú ilé wa. Bàbá ti gbé ìbọn tí wọ́n ti lò fún ọdún méjìlélógójì lé e lọ́wọ́. Afọ́jú tí wọ́n jẹ́ yìí, àràárọ̀ ni wọ́n ń nu ìbọn ọ̀hún. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mi ò sọ ọ́. Ọ̀kadà gbé Ọ̀ṣuntúndé lọ, èmi náà gba ọ̀nà ilé ìwé lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, Bọ̀dá Tókun pè, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un lórí ìbọn tuntun.

"Ìbọn wo, Bàbá?" ni Bọ̀dá wí. "Kò mà tíì dé."

Ọwọ́ Bàbá wá ara ògiri lọ, ibi tí ìbọn wọn máa ń fara tì. Kò bá nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá tó bí mi fẹ́ lọ bá Ọ̀ṣuntúndé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá àgbà ní ohun tí àwọn ti fi sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Wọn ò bá mi wí.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ojú rẹ ni mo fi ń ríran, Fọláṣẹwà."

Mo ṣe ìdánwò, mo parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mi ní ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwòrán kan wọlé pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́. Bọ̀dá Tókun dúró nínú igbó, ìbọn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré bá Bàbá, mo ní ó ti dé, òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n mi orí.

"Bá mi pe Soliat wá, kó wá kà á fún mi."

Ọmọ aládùúgbò wa ni Soliat, kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀. Bàbá dẹ etí sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sunkún. Mo dúró tì wọ́n títí ó fi kà á tán.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni irọ́ mi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá purọ́ nítorí kó lè sinmi yóò sinmi lóòótọ́: kò sẹ́ni tí yóò tún bi í léèrè ohunkóhun.