Àmì Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì

Ọmọ́fẹ́ gbé gbogbo ara lé sípánà náà. Nọ́ọ̀tì ńlá tó di táyà ẹ̀yìn mú dún, ó yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lọ mọ́. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú agolo ọ̀dà, ó fi àmì funfun kan sórí nọ́ọ̀tì náà, ó sì sún sí èyí tó kàn.

Láti aago méje àárọ̀ Sátidé ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn ní Bódìjà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti pààrọ̀ ṣéènì, ó ti da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó ti na irin tó tẹ̀, ó sì ti fi bẹntiróò fọ kábúrétọ̀. Alùpùpù náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn ní Mọ́kọ́lá. Ọkọ̀ ìrìn-àjò jíjìn ni, ó ga, ó wúwo, ó ní gíláàsì níwájú àti àpótí kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọmọ́fẹ́. Ọkọ̀ náà fi ogún ọdún jù ú lọ. Bàbá rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí Akíndúró, ló sọ ọ́ ní Arìnnàkore, nítorí pé lọ́dọọdún ló ń gùn ún lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ kí ìyá rẹ̀, tó sì ń gùn ún bọ̀ láìfarapa.

Bàbá náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn báyìí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọmọ rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò ṣeé ká mọ́ sórí àpótí kan. Ẹ̀yìn ló kọ sí ọkọ̀ náà. Ní aago mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ Ògoolúwa yóò ti Mọ́níyà wá gbé Arìnnàkore lọ pátápátá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ bíréèkì yìí wò."

"Má pè mí sí i," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ojú mi àti ọwọ́ mi kò ṣeé gbára lé mọ́. Ìwọ náà kúkú mọ̀."

Ọmọ́fẹ́ mọ̀ ju bí bàbá rẹ̀ ti rò lọ.

Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ibí yìí kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òfin kan ni bàbá rẹ̀ fi lélẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: ẹni tó bá di nọ́ọ̀tì tó sì le dáadáa ni yóò fi àmì ọ̀dà sórí rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a fi í sí i. Bí àmì bá ti wà, kò sí àyẹ̀wò mọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lè yí," bàbá rẹ̀ a máa wí, "ṣùgbọ́n àmì yìí, ìbúra ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà náà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló kù. Bàbá rẹ̀ ní kó parí wọn, ó wọlé lọ wẹ̀. Kò pẹ́ tí Shukurat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, fi yọjú ní géètì.

"Ìyá mẹkáníìkì! Ṣé o ò ní lọ mọ́ ni? Gbogbo ọmọ kíláàsì wa tó fẹ́ ya fọ́tò ti dé Agbowó. Onífọ́tò ní òun ò dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni o."

"Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló kù. Ṣe sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀! Wo èékánná ẹ ná. Ṣé báyìí lo ṣe fẹ́ dúró tì wá nínú fọ́tò? Wọ́n á ní a lọ háyà ẹnì kan wá láti ilé epo."

Ọmọ́fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀ láìní àmì, bàbá òun yóò pe òun padà. Ó bá fi àmì sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́kàn rẹ̀, òun yóò dì wọ́n láàárọ̀. Ó sáré fọwọ́, ó tẹ̀ lé Shukurat.

Àárọ̀ kò dúró dè é. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí wọ́n pe bàbá rẹ̀ láti Ìkàrẹ́ pé àìsàn ìyá rẹ̀ ti le. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn àmì náà, ó rí i pé wọ́n pé, ó gbéra. Nígbà tí Ọmọ́fẹ́ jí, àyè Arìnnàkore ti ṣófo. Ó pe fóònù bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kì í gbé fóònù.

Nígbà tí bàbá náà kọjá Aṣéjìre, ewúrẹ́ kan já wọ títì, ó tẹ bíréèkì. Nọ́ọ̀tì tó di ọwọ́ bíréèkì ẹ̀yìn mú, irin tí kì í jẹ́ kí bíréèkì bá táyà yí, ti tú bọ́ sọ́nà. Táyà há, kò yí mọ́, ọkọ̀ sì wọ́ ọ nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ fọ́. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ kú ní Ìkàrẹ́. Wọ́n sin ín láìsí àkọ́bí rẹ̀ níbẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni bàbá rẹ̀ ti bi í léèrè, láìbínú: "Ọmọ́fẹ́, mo mọ̀ pé mo fi nọ́ọ̀tì mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ. Ṣé ti ọwọ́ bíréèkì wà lára wọn, àbí èmi fúnra mi ni mo dì í?"

Ọmọ́fẹ́ wo báńdéèjì tó wà ní ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dì í, Bàbá mi."

Bàbá rẹ̀ mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Èmi ni mo ṣe ara mi."

Ẹyin lohùn, ó balẹ̀, ó sì fọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tí kì í gbàgbé nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀. Bó bá ti ilẹ̀kùn, yóò padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí Ọmọ́fẹ́ máa bá òun ka oògùn òun. Kò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà pé òun ń lọ. "Ẹni tí kò lè rántí nọ́ọ̀tì kan," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, "ìwé ta ni yóò tún máa tọ́jú?" Wọ́n gba lẹ́tà náà. Ní gbogbo àkókò yìí, Ọmọ́fẹ́ ń jẹun, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń dákẹ́.

Báyìí, nọ́ọ̀tì ọwọ́ bíréèkì nìkan ló kù. Tuntun ni. Ọmọ́fẹ́ dì í títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro ó. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé e dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"N ò gbọ́ ìró iṣẹ́ mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí láìyíjú. "Bí o kò bá lo ọ̀dà yẹn mọ́, dé agolo rẹ̀. Yóò gbẹ."

"Bàbá mi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi lẹ fi nọ́ọ̀tì ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀ fún. Mi ò dì í. Mo kàn fi àmì sí i, mo bá Shukurat lọ ya fọ́tò. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún yín ní ọsibítù."

Rédíò aládùúgbò ń polówó ọṣẹ. Ó polówó náà tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bàbá rẹ̀ yí àga padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọjú sí i.

"Oṣù mẹ́fà," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà."

"Dákẹ́ ná. Orúnkún mi, ọmọdé ló kánjú, mo lè fara mọ́ ọn. Ìyá mi, Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ǹ bá bá a láàyè. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà lo fi ń wò mí tí mò ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi. Oògùn mi lò ń kà, Ọmọ́fẹ́. Ò ń kà á sí mi lọ́wọ́."

Ọmọ́fẹ́ ń sunkún. Bàbá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sórí àga mi ní ọ́fíìsì," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mú ìwé yẹn wá."

Ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ Arìnnàkore sí ni. Bàbá rẹ̀ ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Mo gbàgbé nọ́ọ̀tì ọwọ́ bíréèkì. Ẹ̀bi mi ni.* Ó fa ilà kọjá lórí rẹ̀, ó na bírò sí ọmọ rẹ̀.

"Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ ṣòfò."

Ọmọ́fẹ́ kọ ọ́ pé: *Ọmọ́fẹ́ kò di nọ́ọ̀tì náà. Ó fi àmì sí i. Ó purọ́.*

Bàbá rẹ̀ kà á, ó sì pa ìwé náà dé. Ó fi ọ̀pá dìde, ó rìn wá sídìí ọkọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó mú sípánà. Ó fi í kọ́ nọ́ọ̀tì náà, ó tì í. Kò mì. Kò yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá.

"Ó dì," ló wí. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún un. "Ìwọ lo dì í. Fi àmì rẹ sí i."

Àmì náà ń tàn lórí irin nígbà tí Ògoolúwa wọlé.

"Ẹ káàsán o! Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dìde dúró ti Arìnnàkore báyìí? Ọmọ́fẹ́, o mà ṣe bẹbẹ o! Ṣé kò ní dà mí sọ́nà ṣá?"

Ọmọ́fẹ́ dá búrọ́ọ̀ṣì padà sínú agolo.

"Kò ní dà ọ́ sọ́nà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ògoolúwa wò ó lójú. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó tẹ ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá Ọmọ́fẹ́ fi ọwọ́ kan àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ti ń kọjá, ó sì dúró títí ìró rẹ̀ fi kú lójú títì.

"Ìyá rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Baṣọ̀run," ló wí. "Òun náà gbà pé mo ti ń ṣarán. Láti ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ."

"Tí wọ́n bá délé, Bàbá mi, màá—"

"Nísinsìnyí ni. Àárọ̀ ọ̀la ti já ọ kulẹ̀ rí."

Ọmọ́fẹ́ nu àwọn sípánà, ó tò wọ́n sínú àpótí wọn, ó dé agolo ọ̀dà. Ìkánjú ọwọ́ rẹ̀ ló fọ́ orúnkún kan. Irọ́ ẹnu rẹ̀ ló fọ́ odindi èèyàn, kò sì sí sípánà tó lè di ìyẹn padà sípò. Bí a bá ṣàṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Bí a bá fi í pa mọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa ru ẹ̀bi wa kiri láìmọ ohun tó wà lórí òun.

Ó fọwọ́. Ọ̀dà funfun díẹ̀ kù lórí àtàǹpàkò rẹ̀, kò kúrò. Bàbá rẹ̀ ti padà sórí àga, ó ń ka oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ́fẹ́ ṣí géètì, ó dá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Baṣọ̀run dúró, ó sì wọ̀ ọ́.