Àga Tí Yìnyín Kò Bà Lé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí okùn tuntun tó ń fi àga gbé ènìyàn gorí òkè, yìnyín ti bo gbogbo àga tó rọ̀ lórí okùn irin, àfi ti iwájú nìkan. Notburga Egarter bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìjókòó náà. Ó gbẹ. Ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó ní bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ló ti nù ún. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ tẹ ohun tó ti ń wá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ilé iṣẹ́ Egarter, àwọn tó ń na irú okùn yìí, ní àfonífojì Tauls. Sepp, bàbá bàbá Notburga, ni alágbẹ̀dẹ, Ambros àbúrò rẹ̀ ló sì mọ okùn irin í so. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ na okùn láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ má baà máa pọn koríko màlúù sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ará ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n fi àga rọ́pò koríko. Ambros ní tirẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì padà mọ́. Nítorí rẹ̀ ni àga àkọ́kọ́ fi máa ń gòkè lófìfo nígbàkúgbà tí wọ́n bá ṣí okùn tuntun. Àwọn ọkùnrin a ṣí fìlà sí i. Wọ́n ní irú ìfẹ́ tó yẹ kó wà láàárín ọmọ ìyá nìyẹn.

Notburga kò rí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Òun ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n torí pé obìnrin ni, bàbá wọn fa ilé iṣẹ́ lé Korbinian àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Egbò náà kò jiná rárá. Korbinian kò bímọ, Veit ọmọ kan ṣoṣo tí Notburga bí ló sì ń so okùn fún wọn, síbẹ̀ Korbinian kò lanu pé ọmọ náà ni àrólé òun. Ìgbà tí ara Notburga kò gbà á mọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ṣíṣí náà, ó gbéjà kò ó lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ẹni tó ti sọnù sí Amẹ́ríkà lo ń fi àga pamọ́ fún, ọmọ ilé wà lórí ìdúró! Veit ló máa jókòó níbẹ̀. Kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ín."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ béèrè nǹkan mìíràn."

"N ò fẹ́ nǹkan mìíràn. Àbí ọmọ mi ń tì ẹ́ lójú ni?"

Korbinian kẹ̀yìn sí i. "Ó dáa. Ẹ ti dá mi lágara."

Nígbà tí Fádà wá ń wọ́n omi mímọ́ sí okùn tuntun náà ní òwúrọ̀ yẹn, èyí tó bọ́ sórí àga iwájú rú èéfín díẹ̀. Notburga ṣe bí ẹni tí kò rí i. Veit bọ́ síwájú àga náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má sunkún o. Òkè ni mò ń lọ, kì í ṣe ogun."

"Ta ló ń sunkún? De fìlà rẹ dáadáa, etí ẹ ti pọ́n bíi ti ọ̀mùtí."

Veit jókòó, ó fa ọ̀pá ìdábòòbò sọ̀kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló dé tó o fi sún?"

"N ò mọ̀. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé àyè ò tó."

Àga náà gbéra. Kùrukùru gbé e mì. Korbinian wá dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ambros ò dé Amẹ́ríkà rí."

"Kí lo wí?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Àpò iyanrìn ló yẹ kí wọ́n fi dán okùn àkọ́kọ́ tó gbé àga wò. Àwọn tó fẹ́ rà á ti dé, iyanrìn ò tíì dé. Sepp ló fi ìkánjú so okùn yẹn fúnra rẹ̀. Ambros ní ọkàn òun ò balẹ̀. Sepp ní, 'Jókòó, èmi ni mo so ó.' Orí ọ̀gbun ni okùn náà ti já. Wọn ò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e. Ta ló máa ra okùn lọ́wọ́ ẹni tí okùn ẹ̀ pa àbúrò ẹ̀?" Ó gbé itọ́ mì. "Bàbá sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ká máa fi àga yẹn sílẹ̀ fún un, kó má baà wá àyè fúnra ẹ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí ọmọ mi jókòó!"

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni. Ẹnu yín náà sì ti sú mi."

Notburga kígbe pé kí wọ́n dá okùn dúró. Ṣùgbọ́n àga náà ti yí po lókè, ó ti ń bọ̀ láti inú kùrukùru, Veit sì wà níbẹ̀, ó jókòó sí àárín gbùngbùn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Notburga fi ayọ̀ sáré lọ pàdé rẹ̀.

Veit ń fọwọ́ wá ọ̀pá ìdábòòbò kiri bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Òṣìṣẹ́ kan ló bá a gbé ọ̀pá náà sókè. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, òórùn ọ̀rá màlúù sì kún imú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa okùn láyé àtijọ́. Ọmọ náà kò dì mọ́ ọn padà. Ó ń wo Korbinian, ẹni tí ojú rẹ̀ jọ ti bàbá bàbá wọn bí ìbejì.

"Sepp," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé o so ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí?"

Kò pẹ́ tí Korbinian fi kó kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé. Gbogbo Tauls ń bá Notburga yọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti di ọ̀gá. Ọ̀gá náà kò pè é ní màmá mọ́, ìyáàfin ló ń pè é.

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣí okùn mìíràn, ọ̀gá tuntun pàṣẹ pé kí àga àkọ́kọ́ gòkè lófìfo. Notburga ti débẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó dé. Yìnyín bo gbogbo àga, àfi ọ̀kan. Ó fọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Veit," ló wí, "de fìlà rẹ dáadáa."

Ìjókòó náà mì díẹ̀, bíi pé ẹnì kan sún láti fi àyè sílẹ̀ fún un. Notburga mọ̀ pé ọmọ òun gan-an ló wà níbẹ̀, òun ló sì ń dúró dè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Obìnrin tó fi ariwo gba àga yìí fún ọmọ rẹ̀ kò lè jókòó síbẹ̀. Ó dúró sórí ilẹ̀ títí okùn fi gbéra, tí àga náà sì gòkè lọ.